Onílé Ni Kò Ní Gbà: Ẹ̀kọ́ Lórí Omi Inú Ògiri ní Agbègbè Ọ̀jọ́

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni ó ti pa òwe yìí nínú àròkọ, tí a fi ṣàlàyé bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn gbéjà ko ọ̀tá. Ṣùgbọ́n nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ kí a gba òwe náà bí ó ṣe dún gan-an: omi, ilé, àti onílé. Báwo ni omi ṣe ń wó ilé? Kí sì ni onílé lè ṣe tí kò fi ní gbà?

Ìbéèrè yìí kan àwa tí a ń gbé ní agbègbè Ọ̀jọ́ gidigidi. Láti Ọ̀jọ́ Cantonment títí dé Ìbà àti Okokomáíkò, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983 wà, ilẹ̀ Àwórì ni. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ àwọn Àwórì fúnra rẹ̀, omi ni ó dá lé: àwo tí Olófin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń tẹ̀ lé lórí omi ni ó rì, èyí ni ìtàn náà fi ṣàlàyé orúkọ wọn. Ọ̀sà wà ní gúúsù wa, àbàtà wà káàkiri. Òjò tí ó ń rọ̀ ní Èkó lọ́dún lé ní 1,500 mílímítà, oṣù Kẹfà ni ó sì máa ń le jù. Bí ẹ bá gbẹ́ kànga ní àdúgbò yìí nígbà òjò, ẹ kò ní pẹ́ kan omi. Ilé tí a bá kọ́ sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi, orí rẹ̀ wà lábẹ́ omi, afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká náà sì kún fún omi.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tí a fi bo ọ̀rinrin mọ́lẹ̀ kì í ṣe ìwòsàn ọ̀rinrin. Ọ̀dà, bébà, páálí àti POP lè fi omi pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà tí omi gbà wọlé kò lè tì í mọ́ òde.

1. Yàrá kan ní Okokomáíkò

Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni mo ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì jọ gba yàrá kan ní Okokomáíkò, ní ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Nígbà tí a wọlé, yàrá náà ń dán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni. Kí òjò oṣù Kẹfà tó dá, ọ̀dà ìsàlẹ̀ ògiri ti lé ròrò bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Ní igun òkè, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, nǹkan dúdú ti bu sí ara ògiri bí ẹni fi èédú kùn ún. Àwọn ìwé tí a tò sí ilẹ̀ bu. Ọ̀kan nínú wa pàdánù ìwé àkọsílẹ̀ ọdún méjì, títí kan oríkì ìdílé wọn tí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ lẹ́nu ìyá ìyá rẹ̀, tí ó sì fi ọwọ́ kọ sílẹ̀ láti fi ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀. Ìyá náà ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Ẹnì kejì wa, tí mímí máa ń nira fún láti kékeré, kò lè sùn mọ́jú láìjókòó.

A lọ bá bàbá onílé. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí ni ẹ ń sá aṣọ tútù sínú yàrá. Ẹ ń se oúnjẹ, ẹ ń ti fèrèsé. Kò sí ohun tí ó ṣe ilé mi." Àwa náà ní, "Ẹ má bínú, bàbá, láti inú ilẹ̀ ni omi yìí ti ń wá." Wọ́n rán kunlékunlé wá, ó ha ògiri náà, ó tún un kùn. Kò tó oṣù kan, ọ̀dà tún lé. Wọ́n wá ní kí wọ́n kan páálí mọ́ ọn, kí wọ́n sì lẹ bébà ògiri olódòdó lé e lórí. Yàrá náà tún dára lójú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù méjì, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Nígbà tí a ká etí bébà náà sókè, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Ta ni ó jàre nínú àwa àti bàbá onílé? Kí a fi ìyẹn sílẹ̀ ná, kí a kọ́kọ́ mọ bí omi ṣe ń wọlé.

2. Ilé ń jò, ilé ń fà, ilé ń làágùn

Bí ògiri bá tutù, a sábà máa ń sọ pé ọ̀rinrin mú un, a ó sì parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè wa ní ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta tí ó lè ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ kedere, bí a bá lè lò wọ́n: jò, fà, àti làágùn.

Jò ni èyí tí gbogbo wa mọ̀. Omi ti òkè wá: ìṣó páànù ti yẹ̀, páànù ti dógùn-ún, tàbí páìpù omi ti là nínú ògiri. Àmì rẹ̀ ni pé bí òjò bá rọ̀ ni a ń rí i, ó sì máa ń fi àmì róbótó aláwọ̀ ilẹ̀ sí ara àjà. Bí ó bá jẹ́ páìpù ni, kò ní dúró de òjò.

Fà ni ti ìsàlẹ̀. Ẹ wo òwú àtùpà. Epo wà nísàlẹ̀, iná wà lókè, kò sì sí ẹni tí ó ń rọ epo náà sókè, òwú ni ó ń fà á. Búlọ́ọ̀kù tí a fi yanrìn àti símẹ́ńtì ṣe kún fún ihò wínníwínní tí ojú kò lè rí. Bí ẹsẹ̀ ògiri bá wà nínú ilẹ̀ tútù, àwọn ihò wọ̀nyí yóò máa fa omi sókè bí òwú. Ẹni tí ó bá ti rí amù tí ara rẹ̀ máa ń tutù lóde nígbà tí omi wà nínú rẹ̀ ti rí irú iṣẹ́ yìí, nítorí amọ̀ náà ń mu omi. Àmì ọ̀rinrin tí ilé fà ni pé láti ilẹ̀ ni ó ti ń gun òkè, ó sábà máa ń dúró ní nǹkan bí mítà kan, ó sì máa ń fi ìlà sílẹ̀ níbi tí ó dé. Omi náà máa ń gbé iyọ̀ inú ilẹ̀ àti inú yanrìn dání. Bí omi bá gbẹ, iyọ̀ náà yóò kù sára ògiri bí ìyẹ̀fun funfun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ògiri ni ó bu. Kí ẹ lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i: iyọ̀ yóò yọ́, ohun tí ó bu kò ní yọ́.

Làágùn ni ti afẹ́fẹ́. Ẹ gbé ìgò omi tútù jáde láti inú fíríìjì, ẹ gbé e lé orí tábìlì. Láìpẹ́, omi yóò máa ṣàn lára rẹ̀. Omi yìí kò ti inú ìgò jáde, ìgò kò fa omi bí amù. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ti wá. Afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gbé omi ju afẹ́fẹ́ tútù lọ, bí ó bá sì kan ohun tí ó tutù, yóò sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ òde bá gbóná dé ìwọ̀n 30 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí kì í ṣe ohun àjèjì ní Èkó, ohunkóhun tí kò bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 26 yóò làágùn. Àmì èyí ni pé ó máa ń wà ní igun, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn àpótí, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti lọ tí kò bọ̀.

Ẹ ó rí i pé ìwòsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra. Ẹni tí ó ń tún páànù ṣe nítorí omi tí ilé fà, owó ni ó ń sọnù. Ẹni tí ó sì ń ṣí fèrèsé nítorí omi tí ó ń jò, òun náà kò tíì bẹ̀rẹ̀.

3. Orúkọ wà, ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ kò sí

Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Ìbà tàbí ní Okokomáíkò, ẹ ó gbọ́ tí bírìkìlà ń wí fún onílé pé, "Ọ̀gá, a ti dé DPC." Ohun tí ó ń sọ ni pé wọ́n ti kọ́ ìpìlẹ̀ jáde nínú ilẹ̀, wọ́n sì ti da kọnkéré Jámánì fúlọ́ọ̀ sí i. Onílé yóò dúpẹ́, yóò sì wá owó búlọ́ọ̀kù kún owó.

Lẹ́tà mẹ́ta náà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n dúró fún, ìtumọ̀ wọn sì ni ìpele tí ń dènà ọ̀rinrin. Kì í ṣe orúkọ ibi tí ilé ga dé, orúkọ nǹkan kan tí a ń tẹ́ síbẹ̀ ni: ọ̀rá dúdú tí ó nípọn tàbí aṣọ tí a fi ọ̀dà títì rẹ, tí omi kò lè gbà kọjá. A óò tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ kọnkéré ilẹ̀, a óò sì tẹ́ ìdènà sórí ìpele búlọ́ọ̀kù kí a tó gbé òmíràn lé e. Ó yẹ kí ó fi ó kéré tán ínǹṣì 6, ìyẹn 150 mílímítà, ga ju ilẹ̀ òde lọ. Òun ni ó ń gé òwú àtùpà náà láàárín.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, a ti dé DPC láìtẹ́ ohunkóhun. Àwọn olùkọ́ wa ti kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ àyálò lè wọ inú èdè kí ìtumọ̀ rẹ̀ sì yí padà. Nígbà tí mo kọ́ ọ, àpẹẹrẹ tí mo fi sọ́kàn ni orúkọ aṣọ àti oúnjẹ. N kò mọ̀ pé ìyípadà ìtumọ̀ lè ba ìwé ènìyàn jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan tí ó jẹ́ orúkọ iṣẹ́ ti di orúkọ ipò, iṣẹ́ náà sì ti sọnù láìsí ẹni tí ó mọ̀ pé ó sọnù. Ká ní a ń pè é ní ìdènà ọ̀rinrin ni, onílé tí kò kàwé pàápàá yóò bèèrè pé, "Ìdènà náà dà? Ẹ fi hàn mí."

Ohun kejì tún wà tí ó jẹ́ ti agbègbè wa. Bí omi bá ń gba ojúlé kọjá, a máa ń ra yanrìn tipa kan tàbí méjì, a ó dà á sí àgbàlá kí ilẹ̀ lè ga. Títì náà, bí wọ́n bá ti ń tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ga sí i. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ilẹ̀ òde yóò ti ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Bí a bá tilẹ̀ tẹ́ ìdènà sínú ògiri nígbà tí a ń kọ́ ọ, yanrìn ti bò ó mọ́lẹ̀, omi yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lókè rẹ̀. A lé omi ní àgbàlá, a wá pè é wọ yàrá.

4. Bébà àti páálí

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bébà, nítorí òun ni a fi ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ lóde òní. Ní ọdún 1894, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Augustine Sackett gba ìwé àṣẹ lórí pátákó tí ó fi bébà àti ẹfun POP ṣe ní ìpele ìpele. Láti inú rẹ̀ ni pátákó POP tí bébà wà lójú rẹ̀ méjèèjì ti jáde, èyí tí a fi ń ṣe ògiri inú ilé àti àjà káàkiri ayé. Ní àwọn ilẹ̀ tí òtútù pọ̀, wọ́n tún máa ń ki òwú tí a fi gíláàsì ṣe sínú ògiri bíi tìmùtìmù, kí ooru inú ilé má baà sá jáde. Ọ̀pọ̀ irú òwú yìí ni ó ní bébà aláwọ̀ ilẹ̀ lójú kan. Ọ̀dà títì ni wọ́n fi lẹ bébà náà mọ́ ọn, kí ọ̀rinrin má baà ráyè kọjá.

Ojú wo ni ó yẹ kí bébà náà kọ sí? Ní Kánádà, inú ilé ni ó ń kọjú sí, ìdí rẹ̀ sì kò ṣòro. Lákòókò òtútù, inú ilé ni ó gbóná, níbẹ̀ ni omi inú afẹ́fẹ́ pọ̀ sí, láti inú ni omi náà sì ti fẹ́ gba inú ògiri jáde. Ẹnu ọ̀nà tí àlejò ń gbà wọlé ni a ń gbé ilẹ̀kùn sí.

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ náà dojú rú. Nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, òde ni ó gbóná, òde ni omi pọ̀ sí, láti òde ni omi ti ń gba inú ògiri wọlé. Bí a bá wá lẹ bébà tí omi kò lè gbà kọjá mọ́ ojú ògiri nínú yàrá, omi tí ó ti òde wá yóò dé ẹ̀yìn bébà tútù náà, yóò làágùn síbẹ̀, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Èyí ti ṣẹlẹ̀ ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì gúúsù Amẹ́ríkà tí ó móoru tí ó sì lọ́rinrin: bébà ògiri onírọ́bà tí wọ́n lẹ̀ dára níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì bu. Kì í ṣe pé bébà náà kò dára. A gbé ilẹ̀kùn sí ibi tí àlejò kò gbà wọlé ni.

Ohun tí ó ń bu sára ògiri, ẹbí olú ni. Ó ń fẹ́ oúnjẹ, ó ń fẹ́ ooru díẹ̀, ó sì ń fẹ́ omi. Ara igi ni a ti ń ṣe bébà, nítorí náà oúnjẹ gidi ni bébà jẹ́ fún un. Ooru kò wọ́n wa ní Ọ̀jọ́. Omi nìkan ni ó kù tí a lè fi dù ú. Nígbà tí ìjì líle Katrina mú kí omi bo ìlú New Orleans ní ọdún 2005, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ni ó jẹ́ pé pátákó onibébà inú wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ní láti ya dànù, nítorí pé ó ti bu kí onílé tó padà dé. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ni pé kí ohun tí omi bá kàn gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48. Kò sì di ìgbà tí omi bá ń ṣàn kí ó tó bu. Ibi tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀ lọ́jọ́ gbogbo tó o.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà ilé lásán ni. Ní ọdún 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìlànà kan jáde lórí ọ̀rinrin àti ohun tí ó ń bu nínú ilé. Wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀ pé àwọn tí ń gbé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń ní ikọ́ àti ìṣòro mímí ju àwọn mìíràn lọ. Ẹnì kejì wa tí ó ń jókòó sùn kò nílò ìwé kí ó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

5. Ohun tí àwọn baba ńlá wa mọ̀

Àwọn tí ó ṣáájú wa kò ní ọ̀rá, wọn kò ní símẹ́ńtì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ omi. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń mọ ilé. Wọn a mọ ìpele kan, wọn a jẹ́ kí ó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Òrùlé wọn a yọ jáde kọjá ògiri dáadáa, kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má baà máa kán sí ẹsẹ̀ ògiri. Èéfín ààrò a gba àjà kọjá, a máa gbẹ òrùlé àti àgbàdo tí ó wà lókè àjà. Ògiri amọ̀ lè mu omi díẹ̀ ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá yọ, ó ń tú u sílẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tí ó bo ojú rẹ̀.

Ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ṣe ju èyí lọ. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú àgbàlá tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, tí wọ́n to àpáàdì náà ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Iṣẹ́ náà ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún. Ìtàn ẹnu ní Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tí ó jọba, ni ó pàṣẹ rẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. Àlọ́ àpamọ̀ wa ni ó pe àgbàrá òjò ní ẹni tí ó kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba. Ọba yìí kò bá a jà nítorí ìkíni, ilẹ̀ ni ó tún ṣe.

N kò sọ pé kí a padà sí ilé amọ̀. Ilé amọ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀: ọdọọdún ni a ń tún un rẹ́, òrùlé koríko ń jẹrà, iná sì ń jó o. Ohun tí mo ń sọ ni pé a mú ohun tuntun, a sì fi ọgbọ́n tí ó yẹ kí ó bá a rìn sílẹ̀. Ẹ wo ilé amọ̀ àtijọ́ tí a fi símẹ́ńtì rẹ́ kí ó lè dà bí ilé òde òní. Símẹ́ńtì kò jẹ́ kí ògiri tú omi rẹ̀ sílẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó ń ṣí bí èèpo, ó sì ń ya amọ̀ dání.

Àwọn kan nínú àwọn ayàwòrán ilé tí ó wá láti òkè òkun mọ èyí. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya tí ó ya àwòrán Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tí ó ṣì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, tẹ ìwé jáde ní ọdún 1956 lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru tí ó lọ́rinrin. Ilé tí wọ́n kọ́ gùn, kò fẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kí ó gba èkejì jáde. Ní Ifẹ̀, Arieh Sharon ya àwòrán ilé tí àjà òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, tí ilé fúnra rẹ̀ fi ń ṣe agboòrùn fún ara rẹ̀. Òrùlé tí ó yọ jáde kọjá ògiri náà ni, ní ọ̀nà mìíràn.

6. Ìdájọ́ ọ̀rá

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Okokomáíkò. Lẹ́yìn tí a ti kà nípa ọ̀nà mẹ́ta yìí, a gé ọ̀rá funfun méjì tí ó mọ́lẹ̀ kedere. A fi sẹ́lótéèpù lẹ etí ọ̀kan yíká mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri, níbi tí a ti ya bébà kúrò. A lẹ èkejì mọ́ igun òkè lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Òfin rẹ̀ rọrùn. Bí omi bá hàn lẹ́yìn ọ̀rá, ní apá tí ó kọjú sí ògiri, ilé ń fà ni. Bí ó bá hàn níwájú ọ̀rá, ní apá tí ó kọjú sí yàrá, ilé ń làágùn ni.

Ní ọjọ́ kẹta, a pe bàbá onílé. Ọ̀rá ti ìsàlẹ̀ ti kún fún ìsẹ́ omi lẹ́yìn, iwájú rẹ̀ gbẹ. Àwa ni a jàre. Ọ̀rá ti òkè gbẹ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ní ìdájí ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí a se ìrẹsì lóru tí a sì ti fèrèsé nítorí ẹ̀fọn, iwájú rẹ̀ tutù. Bàbá ni ó jàre. Wọ́n fi ìka kan ọ̀rá méjèèjì, wọn kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n jáde lọ wo ẹ̀yìn ògiri. Yanrìn tí àwọn fúnra wọn dà sí àgbàlá ti ga ju ilẹ̀ yàrá wa lọ.

Wọ́n pe àwọn ọmọkùnrin méjì, wọ́n kó yanrìn náà kúrò lára ògiri, wọ́n sì la ọ̀nà omi síbẹ̀. Wọ́n ya páálí àti bébà dànù. Àwa náà ra nẹ́ẹ̀tì fèrèsé kí a lè máa ṣí i lóru, a sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, a sì ń sá aṣọ sóde. Nígbà tí ọyẹ́ dé, igun òkè ti gbẹ pátápátá. Ìsàlẹ̀ ògiri náà gbẹ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n àbàwọ́n iyọ̀ kò kúrò, ó sì tún máa ń tutù díẹ̀ bí òjò bá le, nítorí pé kò sí ìdènà nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀. A kì í ti òkè tẹ́ ìpìlẹ̀.

7. Ìmọ̀ràn

Fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé: ẹ dúró síbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ní àwọn dé DPC, kí ẹ fi ojú ara yín rí ọ̀rá tí wọ́n tẹ́. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan nígbà náà, lẹ́yìn náà ni ó ń wọ́n.

Fún ẹni tí ó ti kọ́lé: ẹ má jẹ́ kí yanrìn àgbàlá ga kan ògiri. Ẹ má fi ọ̀dà tí ń dán, bébà onírọ́bà tàbí páálí bo ògiri tí kò tíì gbẹ. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí àjà bá jẹ́ pátákó ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ti àtijọ́, ẹ má fọ́ ọ fúnra yín nítorí omi, eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ.

Fún àwa akẹ́kọ̀ọ́: ẹ má to ìwé sí ilẹ̀, ẹ má sì tì í mọ́ ògiri. Ohun tí ẹ bá gbà sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, ẹ má jẹ́ kí ó wà níbì kan ṣoṣo. Kí ẹ tó sanwó yàrá, ẹ tẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri, ẹ gbóòórùn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n kùn ún.

Ìkádìí

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé omi ń gba ọ̀nà mẹ́ta wọlé, pé ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta wà fún un nínú èdè wa, àti pé bíbo ojú ògiri kò lè rọ́pò dídí ọ̀nà omi. Iṣẹ́ wà fún ẹgbẹ́ wa níbẹ̀. Àwọn bírìkìlà, káfíńtà àti kunlékunlé agbègbè yìí, Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ lẹ́nu iṣẹ́. Bí àwa tí a ń kọ́ èdè bá lè jókòó tì wọ́n, kí a ṣa ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ jọ, kí a sì fún àwọn lẹ́tà bíi DPC ní orúkọ tí ó ń sọ iṣẹ́ rẹ̀, onílé tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò mọ ohun tí òun ń sanwó fún.

Ní ti ọ̀rẹ́ wa tí ó pàdánù oríkì ìdílé rẹ̀, ó padà sí ìlú wọn nígbà ìsinmi. Àbúrò ìyá àgbà náà ṣì wà láyé, ó sì rántí díẹ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Èyí tí ó rántí ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ó kọ ọ́ sí ìwé méjì, ó sì gbé ọ̀kan sílé.